Bíńgò Iléṣà àti Kòkó Leeds

Imú ni Kòkó, ajá mi, kọ́kọ́ máa ń fi ti abọ́ rẹ̀. Á gbóòórùn ohun tó wà nínú rẹ̀, á wò mí lójú, á wá fi eyín iwájú mú hóró oúnjẹ kan jáde, á gbé e lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì, á sì fi í síbẹ̀. Á padà wá mú òmíràn. Bí mo bá bu adìẹ sí i, adìẹ yẹn nìkan ló máa ṣà jẹ. Hóró tó kù á wà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ayò tí ẹnikẹ́ni ò ta.

Ajá Yorkshire terrier ni, kò ju kílò 3 lọ. Coco ni ọmọbìnrin mi sọ ọ́ nígbà tí a gbà á níbí ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yèyé mi gbọ́ orúkọ náà lórí fóònù láti Iléṣà, kòkó tí à ń sá sóòrùn ni wọ́n gbọ́, inú wọn sì dùn, torí owó kòkó ni wọ́n fi rán gbogbo wa níléèwé. Láti ọjọ́ náà ló ti di Kòkó.

Bíńgò, ajá ilé wa ní Ìsọ̀kùn ní Iléṣà, ò mọ̀ pé èèyàn lè máa ṣa oúnjẹ jẹ. Ìjẹ̀ṣà ni wá, iyán kì í wọ́n nílé wa nírọ̀lẹ́. Bó bá ti gbọ́ ọmọ odó, á dìde níbi tó sùn sí, á wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yèyé, ojú rẹ̀ á máa bá ọmọ odó lọ sókè, bá a wá sílẹ̀. Èyí tó bá ta dànù, tirẹ̀ ni. Nígbà tí a bá jẹun tán, Yèyé á kó ìyókù iyán, omi ọbẹ̀ tó kù nídìí ìkòkò, orí pánla àti eegun pọ̀ sínú abọ́ irin kan tó ti tẹ̀ létí, wọ́n á gbé e sẹ́yìnkùlé, wọ́n á fi ṣíbí kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Kí èkejì tó dún, Bíńgò ti dé. Ó gbọ́dọ̀ yára, adìẹ ń bọ̀, ajá ilé kejì náà ń bọ̀. Bó ṣe ń lá abọ́ ni abọ́ á máa ha sí sìmẹ́ǹtì títí á fi kan ògiri. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ìyókù, Yèyé á ní ohun tí ajá yóò jẹ, Èṣù á ṣe é. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, odidi ọjọ́ kan ni Kòkó ò fi nǹkan kan ẹnu. Àyà mi já. Ajá kékeré ò ní ọ̀rá lára tó lè fi gbé ebi fún ìgbà pípẹ́. Bí ṣúgà ara rẹ̀ bá wálẹ̀, pàápàá tó bá ṣì jẹ́ ọmọ, ó lè máa gbọ̀n, ó lè dákú. Dókítà ẹranko kọ́kọ́ ya ẹnu rẹ̀ wò, torí eyín ló sábà máa ń yọ irú wọn lẹ́nu: ẹnu kéré, eyín fún mọ́ra, ìdọ̀tí á sì dì sí i. Eyín rẹ̀ mọ́. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wá ní kí n lọ kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu ajá yìí fún ọ̀sẹ̀ kan, títí kan èyí tó bá já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé.

Mo kọ ọ́. Ọkọ mi ń gé cheese fún un láràárọ̀. Ọmọ mi ń já búrẹ́dì fún un. Èmi náà ń bu adìẹ lé oúnjẹ rẹ̀ kó lè dùn. Ajá kílò 3 ò nílò ju bíi kálórì 200 sí 250 lọ lójúmọ́. Cheese gíráàmù 30, tí kò kún àtẹ́lẹwọ́, ti tó bíi 120. Ajá tó ti jẹ ìdajì oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kí aago 8 tó lù, kí ló tún ń wá nídìí abọ́? Dókítà ní ìpápánu ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ, kí ìyókù jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n kọ “complete” sí lára. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán níbí, ohun tó túmọ̀ sí ni pé oúnjẹ náà nìkan tó gbé ajá ró. Èyí tí wọ́n bá kọ “complementary” sí, àfikún ni. Àfikún yìí ni mo ti ń rà fún oṣù mélòó kan, torí àwòrán ẹran ara rẹ̀ dára lójú mi.

Mo ròyìn fún Yèyé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Ṣé ebi ń pa á?”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Ebi ò pa á. Ta ní í sáré sídìí oúnjẹ tí kì í kúrò nílẹ̀? Gbé abọ́ náà kúrò.”

Ohun tí dókítà ti kọ fún mi sínú ìwé náà nìyẹn: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú 20, kí n gbé e kúrò, kí n má fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá jẹun rárá fún ọjọ́ kan, kí n gbé e padà wá. Mo ń fi òṣùwọ̀n ìdáná wọn oúnjẹ, mo ń ta omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i kí òórùn rẹ̀ lè jáde, mo sì fi ọjọ́ 7 po tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí inú rẹ̀ má bàa rú. Ọjọ́ kẹta nira. Ó jókòó ti ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó ń wò ó, ọkọ mi dìde kúrò nídìí tábìlì torí kò lè fara dà á.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ gbe ilé. Bíńgò dàgbà dáadáa torí ó ń rìn kiri, ó ń pa eku àti aláǹgbá kún ohun tí à ń fún un. Ọmọ rẹ̀ kan wà, funfun, tí a so mọ́ ìdí igi torí mọ́tò. Iyán àti omi ọbẹ̀ nìkan ló ń jẹ. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ọrun. A ní ó ṣubú ni. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Oúnjẹ ni, mo ti mọ̀ báyìí. Okun wà nínú iyán, ṣùgbọ́n kálíṣíọ́ọ̀mù tó ń mú eegun le ò tó níbẹ̀, èròjà amúaradàgbà (protein) náà ò tó. Omi ọbẹ̀ kún fún àlùbọ́sà tó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Eegun adìẹ tí a ti sè máa ń ya ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń wọn oúnjẹ Kòkó ni mo máa ń rí ẹsẹ̀ ajá yẹn.

Èyí tó dun Yèyé jù ni ti kòkó tí à ń sá. Èròjà kan tó ń jẹ́ theobromine wà nínú rẹ̀. Ara èèyàn ń tètè gbé e jáde, ti ajá kì í tètè gbé e jáde, ìdí nìyẹn tí ṣokoléètì fi ń pa wọ́n. Yèyé rántí iye ọdún tí àwọn ajá wa fi ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní kòkó.

Ajá tuntun ti wà ní Ìsọ̀kùn báyìí, àbúrò mi ló gbé e wá. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí wọ́n sì bi í léèrè oúnjẹ. Yèyé fúnra wọn ló ń ra ẹja wẹ́wẹ́ fún un ní ọjà Atákúnmọ́sà, wọ́n ń sè é mọ́ ìrẹsì láìsí àlùbọ́sà, wọ́n sì ń gún èèpo ẹyin gbígbẹ kúnná, ìwọ̀n tí dókítà ní kí wọ́n bù sí i.

Láti òpin oṣù kẹta, tí wọ́n ti sún aago síwájú níbí, ni aago wa ti bá ti Iléṣà dọ́gba, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni àwa méjèèjì sì ń fún ajá lóúnjẹ. Lánàá, fóònù wà lórí tábìlì, Yèyé ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ṣíbí lára abọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́ abọ́ tó ń ha sí sìmẹ́ǹtì. Kòkó gbé etí sókè. Ó lọ sídìí abọ́ tirẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ku hóró mẹ́rin.