Àgbá òkun tí mò ń hun: òwú 300 gíráàmù, ìlẹ̀kẹ̀ 200

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Kànrìnkàn òkun ni mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kíróṣéè hun. Ẹ má rò pé irú èyí tí a fi ń họ ara ni o. Ẹranko ni eléyìí, bí kò tilẹ̀ lójú, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kì í sì í kúrò níbi tó bá dì mọ́. Èyí tí mo mú ń jẹ́ Xestospongia muta. Orí òkìtì iyùn ló máa ń hù sí, ní Florida, ní Bahamas àti ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Ó rí bí àgbá tí kò ní ìdérí, òmíràn sì ga ju mítà kan lọ. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé àwọn tó tóbi jù nínú wọn ti lo ju 2,000 ọdún lọ níbi tí wọ́n dúró sí.

Àmọ́ àwọn tó ń bá a gbé ló mú mi lọ́kàn. Nínú irú kànrìnkàn òkun báyìí, tí kòkòrò àìfojúrí kún inú ẹran ara rẹ̀, àwọn kòkòrò náà lè kó 35 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n gbogbo ara rẹ̀. Ẹ gbé e wò: ilé ni, ará ilé náà sì ni. Kò sí àwòrán tí mo rí tó fi èyí hàn rí. Ni mo bá pinnu pé òwú ni yóò jẹ́ ara kànrìnkàn, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni yóò jẹ́ kòkòrò, òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun ni yóò sì ṣe ẹlẹ́rìí. Òwú 300 gíráàmù, ìlẹ̀kẹ̀ 200.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Mo lọ ra ìlẹ̀kẹ̀. Màmá tó ń tà á bi mí pé, “Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ gbé ni, ọmọ mi?”

“Rárá, mà. Ẹran inú òkun ni mo fẹ́ fi ṣe.”

Wọ́n wò mí títí, wọ́n bu èènì sí i, wọ́n ní kí Ọlọ́run bá mi ṣe é.

Mo ra pupa rúsúrúsú, mo ra funfun, mo sì ra àwọ̀ ìyeyè. Pupa rúsúrúsú ni ti òde, nítorí Synechococcus ló ń gbé níbẹ̀, bakitéríà tó ń fi oòrùn se oúnjẹ bí ewé. Kò lè gbé inú lọ́hùn-ún tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Àwọn ló sì fún àgbá náà ní àwọ̀ tí a fi mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá dín kù, yóò ṣì funfun. Ọ̀pọ̀ máa ń padà bọ́ sí àwọ̀ wọn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ni funfun àti ìyeyè ń lọ, fún àwọn tí kò nílò oòrùn. Nínú wọn ni àwọn tó ń sọ àmóníà, ẹ̀gbin tí kànrìnkàn ń tú jáde, di náítíréètì.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Ó wó. Mo ti sín ìlẹ̀kẹ̀ 90 gíráàmù mọ́ ọn, mo gbé e dúró lórí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ bí fìlà tí òjò pa. Inú mi bàjẹ́ gan-an lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ egungun ni. Kànrìnkàn yìí ní ẹ̀gún tín-tín-tín tó fi sílíkà ṣe, ohun kan náà tó wà nínú gíláàsì, òun ló ń gbé e ró. Èmi kò fún tèmi ní nǹkan kan. Mo ja ìgbálẹ̀, mo gé e ní sẹ̀ńtímítà mẹ́ta mẹ́ta, mo sì ń kì í bọ àárín ojú òwú ní ìdábùú. Ó le! Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ wọn 26 gíráàmù, ara kànrìnkàn sì ni ẹ̀gún, nítorí náà mo tú òwú tó tó bẹ́ẹ̀ kúrò létí òkè. Ìlà márùn-ún ló lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi, wọ́n ti ìka bọ ihò ńlá tó wà lókè. “Ibi tó ti ń jẹun nìyí?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Àwọn ihò kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń gbà wọlé.”

Mo bu ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ búlúù díẹ̀ tí n kò sín, mo rọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bakitéríà inú omi nìyẹn, oúnjẹ ni. Kànrìnkàn ń sẹ́ omi tọ̀sán-tòru, ó ń jẹ bakitéríà tó bá bá omi wọlé, síbẹ̀ kì í jẹ àwọn tó ń bá a gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ní báwo ló ṣe ń dá wọn mọ̀. Mo sọ fún wọn pé lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ kan ní Kiel, ní Jámánì, rí fáírọ́ọ̀sì nínú kànrìnkàn òkun, èyí tó máa ń wọ bakitéríà lára. Fáírọ́ọ̀sì yìí ń gbé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ankyrin, èyí tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó jẹ bakitéríà náà fà sẹ́yìn. Àlejò ń bẹ̀bẹ̀ fún àlejò! Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, wọ́n gba abẹ́rẹ́, wọ́n bá mi sín ìlà méjì.

Lónìí

Òwú àti ìgbálẹ̀: 300. Ìlẹ̀kẹ̀: 171. Ó ku 29, pupa rúsúrúsú ni gbogbo rẹ̀, etí òkè tí mo tú ni wọ́n ń lọ. Ó ti dá dúró lórí tábìlì láti ọjọ́ Ajé, kò tẹ̀.