Títẹ̀lé Jan van Goyen: láti ìsàlẹ̀ adágún dé etí odò Waal

Ẹni tó bá wọ bàálù lọ sí Amsterdam, ìsàlẹ̀ adágún ló máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Omi ló wà níbi tí pápákọ̀ òfurufú Schiphol wà lónìí, títí di ọdún 1852 tí wọ́n fi ẹ̀rọ fa adágún Haarlemmermeer gbẹ tán. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Jan van Goyen, ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands tí ìrìnàjò yìí ń tẹ̀lé ipa rẹ̀, ya adágún yẹn ní 1646, nígbà tí ìgbì rẹ̀ ṣì ń jẹ ilẹ̀ etí omi lọ díẹ̀díẹ̀. Àwòrán náà ti wà ní Metropolitan Museum ní New York báyìí, pákó kékeré tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 35 ní gíga. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ óò mọ̀ pé ojú fèrèsé bàálù ni ìrìnàjò yìí ti bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀ pẹrẹsẹ, omi tó ń dán, àti sánmà tó gba gbogbo ibi yòókù.

Láti Schiphol, rélùwéè dé Leiden láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Káàdì báńkì tẹ́ ẹ fi ń rajà náà lẹ máa fi kan ẹ̀rọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde. Ẹni tó bá gbàgbé ti ẹ̀ẹ̀kejì, owó tí wọ́n máa yọ lápò rẹ̀ lè ju owó ọkọ̀ lọ. Ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Ajé, torí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn máa ń wà ní títì lọ́jọ́ náà.

Leiden ni wọ́n bí Van Goyen sí, ní ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1596. Aránbàtà ni bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá bíi mélòó kan ni wọ́n mú un lọ láti kọ́ṣẹ́, ní Leiden àti ní Hoorn, ó sì rìn dé ilẹ̀ Faransé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ayàwòrán Esaias van de Velde ní Haarlem, ní nǹkan bí ọdún 1617. Ọdún kan péré ló lò lọ́dọ̀ ẹni yìí, àmọ́ òun ló sọ ọ́ di ohun tó dà. Ẹ óò rí i nínú àwòrán roboto méjì tó wà ní Rijksmuseum ní Amsterdam, Ẹ̀ẹ̀rùn àti Òtútù, tó yà ní 1625: àwọ̀ wọn ṣì ń tàn, ẹ̀wù àwọn èèyàn inú wọn ṣì pupa, ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ṣì hàn níbẹ̀ kedere. Kò pé ọdún mẹ́wàá sígbà náà tí gbogbo aró àti pupa yẹn pòórá, tó ku àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ koríko gbígbẹ àti eérú. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ìbànújẹ́ ló fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ kò wọ́n, kì í fi àkókò ṣòfò, afẹ́fẹ́ tó tutù tí ìkùukùu gbà sì nìyẹn ní ilẹ̀ Netherlands. Àwọn ayàwòrán mìíràn ní Haarlem, bíi Salomon van Ruysdael àti Pieter de Molijn, ń ṣe bákan náà nígbà kan náà.

The Hague ló yẹ kí ẹ ti pẹ́ jù. Kò jìnnà sí Leiden rárá, ìṣẹ́jú 15 lẹ ti débẹ̀. Van Goyen kó lọ síbẹ̀ ní 1632, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mauritshuis, àmọ́ ẹ yẹ ojú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò ṣáájú, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ ohun tó wà lára ògiri. Tẹ́ ẹ bá ti rí èyíkéyìí nínú iṣẹ́ Van Goyen, ẹ má ṣe dúró sí iwájú rẹ̀ gan-an. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí iná àjà má baà máa dán lójú yín, kí ẹ sì wá wo ibi tí sánmà ti fúyẹ́. Ìlà ara igi lẹ óò rí níbẹ̀, tó gba inú àwọsánmà kọjá.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Pákó óákù tín-ín-rín ni. Wọ́n á fi ẹfun tí wọ́n pò mọ́ gúlù awọ ẹran kùn ún, wọ́n á sì ha á títí ẹfun náà yóò fi kù sí kìkì inú ihò ara igi. Wọ́n á wá fi òjé funfun tí wọ́n fi ilẹ̀pa díẹ̀ là sínú epo kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, kí pupa igi lè máa yọ lábẹ́. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì dúdú fa ìlà díẹ̀ kíákíá: orí ilé, òpó ọkọ̀, ibi tí ilẹ̀ ti pàdé sánmà. Ìlà ìpàdé yẹn máa ń wà nísàlẹ̀ gan-an, ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí nínú mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ pákó. Sánmà ló ń yà ṣáájú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀, lẹ́yìn náà omi àti ilẹ̀, kí ọ̀dà àkọ́kọ́ tó gbẹ, kí àwọn méjèèjì lè wọnú ara wọn. Búrọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló fi ń parí rẹ̀. Ẹ sún mọ́ màlúù kan: ìlà dúdú mẹ́ta àti àmì funfun kan lórí ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ara ọkọ̀ ojú omi tàbí ọgbà onígi náà, ibẹ̀ ló máa ń kọ VG àti ọdún sí.

Samuel van Hoogstraten, ayàwòrán bíi tirẹ̀, kọ ọ́ ní 1678 pé Van Goyen àti àwọn ayàwòrán méjì mìíràn, Knibbergen àti Porcellis, bára wọn díje láti ya àwòrán kan tán láàárín ọjọ́ kan. Ó ní Van Goyen da ọ̀dà bo gbogbo pákó, ó mọ́ níhìn-ín, ó ṣú lọ́hùn-ún, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá abúlé àti ọkọ̀ jáde látinú rẹ̀. Porcellis ni wọ́n fún ní ipò kìíní. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti wo pákó Van Goyen dáadáa mọ̀ pé òótọ́ ni ìtàn yẹn sọ nípa ọwọ́ rẹ̀.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ má baà ṣì í dá lẹ́jọ́. Ohun tí ẹ ń rí lónìí ṣú ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Smalt, gíláàsì aláró tí wọ́n lọ̀ kúná, ló sábà máa ń lò fún sánmà, ó sì máa ń ṣí nínú epo tó bá pẹ́, tó fi máa di eérú. Òjé inú ọ̀dà náà ń bá epo ṣe, wọ́n ń di ohun tó dà bí ọṣẹ, ọ̀dà á wá máa hàn gbangba bíi gíláàsì, ìlà igi á sì túbọ̀ dúdú. Ẹ wá fi ti àwọn tó ń nù ún kún un, tí wọ́n fi oògùn líle bó ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kúrò láyé àtijọ́.

Láti Mauritshuis, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Haags Historisch Museum, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwòrán ìlú The Hague tí ìgbìmọ̀ ìlú ní kí ó yà ní 1651 wà níbẹ̀. Ó fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, 650 guilder, owó ilẹ̀ Netherlands nígbà náà, ni wọ́n san fún un. Owó gidi nìyẹn, àmọ́ gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn tipẹ́. Yàtọ̀ sí àwòrán, ó ń ra ilẹ̀, ó ń kọ́lé tà. Ní Dunne Bierkade, etí omi tó gba orúkọ rẹ̀ lára ọtí bíà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan nínú ilé rẹ̀ ni Paulus Potter tó ya akọ màlúù ńlá Mauritshuis háyà. Ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé 1637, ó ra ìdí òdòdó túlíìpù lọ́wọ́ Albert van Ravesteyn, olórí ìlú, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọjà túlíìpù sì dojú dé. Ó ta àwòrán ọwọ́ rẹ̀ ní gbàǹjo ní 1652, ó tún tà ní 1654. Nígbà tó kú ní oṣù Igbe 1656, gbèsè tó tó 18,000 guilder ló fi sílẹ̀. Ọkùnrin tó ya àwòrán tó lé ní 1,000! Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Margaretha, ni ìyàwó Jan Steen, ayàwòrán tó gbajúmọ̀.

Fún Dordrecht, ìlú etí odò kan tó máa ń yà, ẹ wọ rélùwéè ní ibùdó Den Haag HS. Má ṣe wo ìlú náà láti inú rẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Papendrecht, kí ẹ wo ẹ̀yìn. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọn kò kọ́ parí, tó tẹ̀ díẹ̀, tí aago wà lára rẹ̀, ṣì dúró bó ṣe yà á láìmọye ìgbà. Ẹ má fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán rẹ̀ bíi máàpù o. Ó máa ń ṣí ilé nípò: ẹnubodè Pellekussen lẹ́bàá Utrecht wà nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, bó ṣe yí padà nínú ọ̀kan kọ́ ló ṣe yí padà nínú èkejì. Ìwé kékeré ló ń gbé kiri, a ya ohun tó bá rí sínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì dúdú, ilé ló ti ń tò wọ́n pọ̀.

Ọ̀kan nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ní 1650 sí 1651, gbé e lọ sí apá ìlà-oòrùn, sí Arnhem, Nijmegen àti Cleves. Nijmegen jìnnà sí The Hague tó nǹkan bíi wákàtí méjì. Ààfin Valkhof tó yà léraléra lórí òkè etí odò Waal ti lọ. Wọ́n wó o ní 1796 sí 1797 tí wọ́n sì ta òkúta rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Saint Nicholas àti àlàpà Barbarossa nìkan ló kù lábẹ́ igi. Ẹ gba orí afárá Waalbrug sọdá sí apá Lent. Wọ́n ti sún bèbè odò sẹ́yìn ní mítà 350 níbẹ̀ nítorí ẹ̀kún omi, wọ́n gbẹ́ ipa omi tuntun, ibi tí ẹ óò dúró sí ti di erékùṣù. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, tí oòrùn bá wà lápá ọ̀tún yín. Ẹ tẹ̀ sílẹ̀ títí ojú yín yóò fi sún mọ́ omi, ìlà ilẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin láti ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù á máa kọjá níbi tí ọkọ̀ tó ń kó màlúù sọdá odò wà nínú àwòrán rẹ̀.