Orin Sú Wa, A Ní Ọlọ́run Ló Ní Ká Pa Á Tì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ta gìtá, tí ẹ ń lu ìlù, tí ẹ ń fi orin rọ́ọ̀kì wàásù Jésù, mo kí yín o. Ó pé ogún ọdún lóṣù yìí tí àwo orin kẹrin ẹgbẹ́ wa jáde, àwo tó tú wa ká. A kò ní ṣe àjọ̀dún rẹ̀, ẹ má retí ìwé ìpè.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan tí mo fẹ́ràn gidigidi fi orin tuntun wọn ránṣẹ́ sí mi. Gìtá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Olórin wọn tó máa ń ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ti wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Orin náà dára o, n ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e ló lé oorun lójú mi: "Ọlọ́run ti mú wa wọ ìgbà tuntun." Mo mọ gbólóhùn yẹn dáadáa. Èmi náà kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ tiwa ní ogún ọdún sẹ́yìn, mo sì mọ ohun tí mo fi í bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín. Ti pé kí ẹ tètè dé sítúdíò, kí ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ti mọ ìyẹn, tàbí kí ẹ yáa lọ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ kìíní: kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹgbẹ́ yí ohùn orin rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, kò mọ ìtàn. Ráàpù ni dc Talk, ẹgbẹ́ olórin Kristẹni kan ní Amẹ́ríkà, fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1995 tí wọ́n gbé àwo Jesus Freak jáde, gìtá ti gba iwájú, òkìkí wọn sì kàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Petra, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Kristẹni mìíràn níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1972. Nígbà tí John Schlitt gba ipò Greg X. Volz tó ń kọrin fún wọn lọ́dún 1986, ohùn àwọn méjèèjì kò jọra rárá, síbẹ̀ wọ́n ṣì rìn títí di 2005 kí wọ́n tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Bob Dylan ẹ̀wẹ̀, olórin Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ̀ mọ́ gìtá tí kò lo iná, wọ́n hó lé e lórí níbi àjọ̀dún orin Newport lọ́dún 1965 torí pé ó gbé gìtá oníná. Nígbà tó wá di 1979 tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin Jésù, àwọn mìíràn tún bínú. Kò dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì: ohun tí àwọn olólùfẹ́ yín dì mú lára yín lè má jẹ́ ohun tí ẹ rò. Ẹ wo Stryper, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Kristẹni, àwọn ará California yẹn. Aṣọ onílà dúdú àti yẹ́lò ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n ń ju Bíbélì sáàárín èrò, Àìsáyà 53:5 wà lára àmì orúkọ wọn. Àwo wọn ti ọdún 1986 tà tó mílíọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1990 wọ́n gbé àwo Against the Law jáde. Aṣọ onílà ti lọ, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tí wọ́n máa ń sọ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ ti lọ. Gìtá ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ digbí, ó tún le ju ti àwo tó ṣáájú lọ! Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn wọn ní àwọn kò mọ̀ wọ́n mọ́. Lọ́dún 1992, Michael Sweet tó ń kọrin fún wọn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ká ní mo ti ro ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ nígbà tó yẹ ni, ẹ̀kọ́ kẹta ì bá má kàn mí.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ẹ má fi Ẹ̀mí Mímọ́ bo ohun tó sú yín.

Ọdún mẹ́sàn-án la ti wà pa pọ̀ nígbà yẹn. Orin tó gbé wa jáde, èmi ni mo kọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Okùn tó nípọn jù lára gìtá ni mo rẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa kùn bí ààrá, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lẹ́nu, onílù wa sì ń fi pẹ́dà ẹlẹ́sẹ̀ méjì lé mi bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀: di òní olónìí, mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń fi ìró yẹn dán gìtá wò nínú ilé ìtajà láìmọ orúkọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó, ká máa ta á lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Etí mi ń hó. Bí mo bá fẹ́ ta ohùn àkọ́kọ́ báyìí, inú mi á kọ́kọ́ dà rú.

Lákòókò yẹn ẹ̀wẹ̀, orin ìjọsìn ló gbòde. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Kristẹni bíi tiwa, Third Day, ti ṣe àwo ìjọsìn lọ́dún 2000, ẹgbẹ́ Newsboys ṣe tiwọn lọ́dún 2003, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Kristẹni sì fẹ́ ohun tí ìyá ọlọ́mọ lè máa gbọ́ nínú mọ́tò láìdí ọmọ létí. Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin wa jáde pè wá jókòó. A ṣì jẹ wọ́n ní owó. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì tọwọ́ bọ̀wé, ẹ gbọ́ o: owó tí wọ́n bá kó fún yín ṣáájú kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìpín yín lórí títà ni wọ́n á ti máa yọ ọ́ títí yóò fi tán, ẹ ò sì ní fojú kan nǹkan kan kó tó tán. Ó ní bí a bá lè rọ ohùn wa díẹ̀, rédíò á gbà wá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa mẹ́rin jókòó nínú ọkọ̀. Onílù wa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní: "Ẹ gbọ́ ná. Ṣé ó sú wa ni, àbí owó la fẹ́, àbí Ọlọ́run sọ̀rọ̀?"

Gbogbo wa dákẹ́. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

Kò sọ nǹkan kan. Mo ti gbàdúrà lọ́sẹ̀ yẹn lóòótọ́, àmọ́ àdúrà pé kí rédíò gbà wá ni mo gbà.

Ní sítúdíò, ẹ̀rọ ni wọ́n fi lu èyí tó pọ̀ jù nínú ìlù àwo náà. Onílù wa tú pẹ́dà rẹ̀, ó fi táwẹ́lì wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó sì jókòó sẹ́yìn gíláàsì fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń gbọ́ ìlù tí kò lù. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwo jáde, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí àwọn olólùfẹ́ wa. Gbólóhùn ti ìgbà tuntun yẹn ni mo fi ṣí i. Ká ní mo fi mọ síbẹ̀, bóyá ì bá sàn. Mo fi òmíràn kún un: "Ẹni tó bá ní etí ẹ̀mí yóò gbọ́." Inú mi dùn sí i nígbà yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù wa, ẹni ti ara ni.

Alẹ́ tí a kọ́kọ́ kọ orin tuntun náà fún èrò, èmi ni mo lẹ ètò orin mọ́lẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ kálukú. Orin mọ́kànlá, tuntun ni gbogbo wọn. Olórin wa ní ká fi méjì àtijọ́ sí i, mo ní rárá, ìyàwó Lọ́tì ló bojú wẹ̀yìn. (Mo ní ẹsẹ Bíbélì fún gbogbo nǹkan láyé ìgbà yẹn.) Orin àkọ́kọ́, wọ́n pariwo. Ìkejì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó fi máa di ìkẹta, àwọn tó máa ń fún ara wọn mọ́ irin iwájú ti sún sẹ́yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ilẹ̀ láàárín àwa àti wọn. N kò rí ilẹ̀ yẹn rí. Ẹnì kan pariwo orúkọ orin wa àtijọ́. Olórin wa di ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wọnú ìjọsìn." Ẹ̀rín sọ láti ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn eré, mo dúró nídìí tábìlì tí a ti ń ta aṣọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan wá, aṣọ wa lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ nígbà àwo kejì. Ó ti fọ̀ ọ́ títí tí dúdú rẹ̀ fi di eérú, lẹ́tà orúkọ wa sì ti sán. Ó ti ká a dáadáa. Kò pariwo. Ó ní: "Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi kú, orin yín nìkan ló bá mi bínú. Gbogbo èèyàn ń sọ fún mi pé kí n máa dúpẹ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo lè lọgun mọ́ Ọlọ́run kó má lé mi. Mo ka lẹ́tà yín. Ẹ ní n ò ní etí ẹ̀mí."

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ ò mọ ohun tí mo sọ. Mo ní: "A ó máa fi yín sádùúrà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé aṣọ náà sórí tábìlì, ó lọ.

Àwo náà kò tà. Rédíò tí a tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ fi orin kan sáfẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó tán. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ yẹn ní àwọn ò sọ pé kí a yí padà tó báyẹn. Mo ṣì ń bínú sí i, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo tún ń bínú sí ẹni tó kọ̀wé pé a ti di Démà tó fẹ́ ayé ìsinsìnyí, tó pa Pọ́ọ̀lù tì. Démà! Nítorí kíbọ́ọ̀dù! Orin méjì wà nínú àwo yẹn tó dára ju gbogbo ohun tí mo ti kọ rí lọ, kò sì sẹ́ni tó fetí sí i dé ìdí, torí pé mo ti bú wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Onílù wa lọ ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà. Kò jà. Ó dá kọ́kọ́rọ́ ilé tí a ti ń fi orin dánra wò padà, ó gbé táwẹ́lì rẹ̀.

Òfin sọ pé a kò gbọdọ̀ pe orúkọ Olúwa lásán. Èmi rò pé ti ìbúra ni, títí mo fi rí i pé mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo sì pín in fún gbogbo àwọn tó ń gbọ́ orin wa. Ẹ lọ ka Jeremáyà 23:21, nípa àwọn wòlíì tí Ọlọ́run ní òun kò rán, tí wọ́n sì ń sáré. Àwa tún gbé gìtá dání. Bí orin bá sú yín, ẹ ní ó sú yín, ènìyàn ni yín. Bí ó bá jẹ́ gbèsè, ẹ sọ pé gbèsè ni. Ẹni tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bá yín bínú, ẹ má kó o lọ bá Ọlọ́run jà.

Ẹ̀kọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, mo kọ wọ́n sórí ìwé kan, n ò rí i mọ́. Ọ̀kan nínú wọn dá lórí okùn gìtá.

Ẹ̀yin mẹ́rin, ẹ mọ ara yín. Ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Kí orin àtijọ́ mẹ́ta wà nínú ètò yín, ẹ má sì tò wọ́n sí ìparí bí ìjìyà. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn sá, ẹ lọ bá onílù yín lónìí, ẹ bi í léèrè ohun tó rò, kí ẹ sì ní sùúrù kó dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ́tí sí orin tí ẹ fi ránṣẹ́, n kò gbọ́ ọ níbì kankan.