Títo iṣẹ́ àpilẹ̀kọ gígùn nínú Word: orúkọ ìpínrọ̀ ṣáájú ìrísí rẹ̀

Ìwé gígùn kì í fi wàhálà rẹ̀ hàn nígbà tí ó ṣì kéré. Bí ó bá jẹ́ ojú ewé mẹ́wàá péré ni ènìyàn ń kọ, kò sí ohun tí yóò ṣe é bí ó bá ń tẹ Enter títí orí tuntun yóò fi bọ́ sí ojú ewé tirẹ̀, tàbí bí ó bá sọ àkọlé di bold tí ó sì fi lẹ́tà rẹ̀ sí ìwọ̀n 14. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà bá ti di ojú ewé igba, tí alábòójútó wá ní kí a fi ìpínrọ̀ kan kún orí kejì, gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yóò ṣí kúrò níbi tí a tò ó sí: orí kẹta yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbedeméjì ojú ewé, àkọlé kan yóò dá wà ní ìsàlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá sí ojú ewé tí ó tẹ̀lé e, nọ́ńbà tí a fọwọ́ kọ sínú àtòjọ àkóónú kò sì ní bá ohunkóhun mu mọ́.

Àwọn ojúlùmọ̀ máa ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ọjọ́ ìfisílẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bọ́tìnnì ¶ tí ó wà lábẹ́ Home ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, nítorí òun ni ó ń tú àṣírí. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, àlàfo kọ̀ọ̀kan yóò di àmì tóótó, Tab kọ̀ọ̀kan yóò di ọfà, Enter kọ̀ọ̀kan yóò sì di ¶. Mo máa ń rí ojú ewé tí ¶ tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti àkọlé tí wọ́n fi àlàfo tì díẹ̀díẹ̀ dé àárín ìlà. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ni ó fà á o. Wọn kò mọ̀ pé Word kì í rí ohun tí ojú wa ń rí ni.

Orúkọ tí a fún ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ Styles ni Word ń wò. Ìlà tí a sọ di bold tí a kò fún lórúkọ, ìpínrọ̀ lásán bíi ti yòókù ni lójú rẹ̀, bí ó ti wù kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àkọlé orí kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ Heading 1, kí ìsọ̀rí inú rẹ̀ jẹ́ Heading 2, kí èyí tí ó kéré sí i jẹ́ Heading 3. Ctrl+Alt+1 ni a ń tẹ̀ fún ti àkọ́kọ́ nínú Word. Nínú LibreOffice Writer, ètò ìkọ̀wé mìíràn tí ó jọ Word, Ctrl+1 ni. Lẹ́yìn èyí, ibi kan ṣoṣo ni a ti ń sọ bí Heading 1 yóò ṣe rí. Tí a bá tẹ Modify, tí a wọ inú Paragraph, tí a sì yan Page break before, kò sí orí kankan tí kò ní bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé tuntun mọ́, ohun yòówù tí a bá fi kún èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bá sì yí òfin padà pé ìwọ̀n 12 ni àwọn ń fẹ́, a kò ní máa wá àkọlé kiri láti ojú ewé dé ojú ewé.

Àtòjọ àkóónú yóò wá ti ara àwọn orúkọ wọ̀nyí jáde. Nígbà tí a bá fẹ́ tún un ṣe, Word yóò béèrè bóyá nọ́ńbà ojú ewé nìkan ni kí òun yí padà tàbí àtòjọ náà lódindi. Ẹ máa mú àtòjọ lódindi, nítorí ìyàn ti nọ́ńbà nìkan kì í mú àkọlé tuntun wọlé, kì í sì yọ èyí tí a ti pa rẹ́. Bákan náà ni ti àwòrán àti àtẹ: Insert Caption ni kí ó fún wọn ní nọ́ńbà, Cross-reference ni kí ó sì máa tọ́ka sí wọn nínú ọ̀rọ̀, kí a má fọwọ́ kọ «Àwòrán 7» rárá. Ctrl+A pẹ̀lú F9 yóò tún gbogbo wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan, àfi àwọn tí ó bá wà nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé tàbí ní orí àti ẹsẹ̀ ojú ewé. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wá «Error!» nínú rẹ̀, nítorí tí a bá ti pa àwòrán kan àti Caption rẹ̀ rẹ́, «Error! Reference source not found» ni yóò jókòó sí ibi tí a ti tọ́ka sí i, olùyẹ̀wò ni yóò sì kọ́kọ́ rí i.

Ibi tí omijé ti ń jáde ni nọ́ńbà ojú ewé. Ọ̀pọ̀ fásitì ń fẹ́ i, ii, iii fún àwọn ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, kí 1, 2, 3 sì bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Page Break lásán kò lè ṣe èyí. Section Break irú ti Next Page, tí ó wà lábẹ́ Layout, ni ó lè pín ìwé sí apá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀. Bí a bá ti fi í sí òpin àwọn ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, kí a wọ ẹsẹ̀ ojú ewé orí kìíní, kí a pa Link to Previous níbẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Bí a bá kọ́kọ́ pa nọ́ńbà rẹ́ tàbí tún un kọ nígbà tí ìsopọ̀ náà ṣì wà, apá ìbẹ̀rẹ̀ náà yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Orí ojú ewé ní ìsopọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, a ní láti pa òun náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni a óò wọ Format Page Numbers, tí a óò sọ pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1.

Ohun kan wà nípa Section Break tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀: apá tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó di ìlànà rẹ̀ mú. Ó dà bí ìbuwọ́lùwé ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ohun tí ó wà lókè rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ fún. Tí a bá pa á rẹ́, apá òkè yóò gba ìrísí apá ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó gbé àtẹ fífẹ̀ kan sí ojú ewé tí a dá dùbúlẹ̀ (Landscape), tí ó wá pa Section Break tí ó ṣáájú àtẹ náà rẹ́, yóò fi rí i tí odindi orí tí ó wà níwájú rẹ̀ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú. Ctrl+Z ni oògùn rẹ̀, tí a bá tètè rí i.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fi àwòrán sí In Line with Text kí ó má bàa máa rìn kiri. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá dà kọ láti ibòmíràn, Keep Text Only ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ jìnnà sí Master Document, ọ̀nà tí Word fi ń so ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀ di ìwé kan, nítorí ó máa ń ba fáìlì jẹ́. Fáìlì kan ṣoṣo tí a tò dáadáa gba odindi àpilẹ̀kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo LaTeX, ètò mìíràn tí a fi ń to ìwé, ẹ rọra rẹ́rìn-ín.

Níparí, kọ̀ǹpútà tí ẹ fi kọ ọ́ náà ni kí ẹ ti sọ ọ́ di PDF. Bí kọ̀ǹpútà ibi ìtẹ̀wé kò bá ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, òmíràn ni yóò fi dípò rẹ̀, ìlà yóò sì ṣí nípò. Nínú Options tí ó máa ń wà níbẹ̀, ẹ yan Create bookmarks using Headings, kí àwọn àkọlé lè hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà fún ẹni tí yóò kà á lórí kọ̀ǹpútà.