Bí mo ṣe ń fi ìtàn inú ìwé ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀yin àbúrò mi ẹ gbọ́ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú pílíásì dání, ẹ̀yin lẹ máa ń bi mí pé ibo ni mo ti ń rí dìsáìnì. Inú ìwé ìtàn ni. Badagry níbí ni mo ti ń ṣe é, mo máa ka ìwé, màá wá ṣe yẹtí tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn látinú ẹ̀, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé fún irú iṣẹ́ yìí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ò dáa rárá. Mo ya fọ́tò iwájú ìwé, wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ ní kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, mo da resin (oje olómi tó máa ń gan bíi gíláàsì) lé e, mo fi ìkọ́ yẹtí sí i, ó parí. Ọgbọ̀n ni mo ṣe. Ìyá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì mú ọ̀kan, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ka ìwé yìí tán?" Mi ò kà á tán. Wọ́n rọra gbé e padà sórí tábìlì.

Ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni, tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, mo mú bírò dání, mo ń wá nǹkan tí ọwọ́ lè dì mú. Kí ló wúwo nínú ẹ̀? Kí ló ń dún? Kí ni ẹni yìí ń gbé kiri? Bí mo ṣe dé ibi tí àwọn ọdẹ méje ti ń lọ sí Òkè Láńgbòdó báyìí, mo ti mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni: ìlẹ̀kẹ̀ ńlá méje, kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí okùn kan bí àwọn tó jọ ń rìnrìn àjò.

Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ méje yẹn, ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo ronú kan ìlẹ̀kẹ̀ olówó ńlá tó ní àmì ẹkùn lára, mo wá rántí èèpo àgbọn tí wọ́n ń kó dànù ní ọjà Agbálátà. Ṣebí lágídígba tí àwọn ìyá wa ń so mọ́ ìdí, èèpo èkùrọ́ náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo gé e bíi kùmọ̀ kékeré, mo fi sáńpéépà ha á títí tó fi ń dán, mo wá gbé ìṣó sórí iná títí tó fi pọ́n, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níkọ̀ọ̀kan, èéfín ẹ̀ ń rú tín-ín-rín, gbogbo yàrá ń rùn bí àgbọn yíyan, nígbà tí mo fi máa gbórí sókè àmì ara ẹkùn ti yọ sí i lára. (Ẹ bo imú yín tẹ́ ẹ bá ń ha á o, eruku ẹ̀ ò dáa fún àyà.) Ẹ̀fọ́ìyẹ̀ tó tẹ̀ lé e rọrùn, ọdẹ ọlọ́fà ni, mo gé idẹ pẹlẹbẹ bí orí ọfà.

Ọdẹ tí wọ́n ń pè ní Olóhùn-iyọ̀ ló dà mí láàmú. Iyọ̀ ni mo gbájú mọ́, mo fi kírísítálì funfun sí i, ó ń dán, ó rẹwà, àmọ́ nǹkan kan ò bọ́ sí i. Mo gbé e lọ bá ìyá tíṣà yẹn. Wọ́n ní, "Ohùn ni wọ́n ń yìn, kì í ṣe iyọ̀." Ilé ni mo gbà lọ tààrà, mo tú u, mo fi ṣaworo kékeré kan síbẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ báyìí, bó ṣe ń rìn ló ń dún.

Nínú ìwé yẹn, bàbá àgbà kan ló ń sọ ìtàn náà fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe fi ìlẹ̀kẹ̀ dúdú bíi yíǹkì kan síbi ìkọ́, lẹ́yìn ọrùn, ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ló máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Ẹ má fojú kéré ìkọ́ yẹtí o. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà pọ̀ ní nickel, irú irin kan tó máa ń mú ara àwọn kan yún, etí kọ́sítọ́mà kan wú, ó ń yún un, mo dá owó ẹ̀ padà, mo sì bẹ̀ ẹ́. Stainless steel ni mò ń lò látìgbà yẹn. Idẹ náà, atẹ́gùn òkun ibí máa ń sọ ọ́ dúdú, ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù tó ń dé pa. Kẹ́ ẹ sì fi fáìlì ha etí ihò ẹ̀ kó má gé okùn, okùn tèmi já nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, ọdẹ mẹ́ta ni mo rí kó.

Èyí tó tún ká mi lára ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ìwé. Àwòrán iwájú ìwé tí mo ya fọ́tò ẹ̀ níjọ́sí yẹn, ẹnì kan ló ni ín, mi ò sì béèrè. Fágúnwà kú ní 1963, òfin Nàìjíríà sì dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú, ìyẹn ni pé ó di ìparí 2033 kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó di ti gbogbo ayé. Mi ò kọ gbólóhùn kankan látinú ẹ̀ sára ìlẹ̀kẹ̀ mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi gbólóhùn inú ìwé ẹnì kan sára yẹtí, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́, ẹ gba àyè. Ó lè pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, àmọ́ èèpo àgbọn wà ní Agbálátà, ẹ máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ihò.