Rédíògíráàmù ẹ̀gbọ́n màmá mi ti ń gba Bluetooth: ibi tí iṣẹ́ dé rèé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ rédíògíráàmù yẹn ti gbéra gidi báyìí, mo ní kí n kọ ibi tó dé sílẹ̀ nígbà tí gbogbo wáyà ẹ̀ ṣì wà lórí mi. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: rédíògíráàmù ńlá onípákó ni, ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ó ní rédíò, ó ní ibi tí wọ́n ń gbé àwo orin sí lábẹ́ ìdérí, sípíkà méjèèjì sì wà nínú pákó kan náà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wà ní Òǹdó ló ni ín, ó ti wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ wọn tipẹ́tipẹ́, fọ́tò ìgbéyàwó ni wọ́n ń tò sórí ẹ̀, kí wọ́n tó gbà kí n gbé e wá sí Àkúrẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kí orin inú fóònù máa gba inú ẹ̀ jáde láìsí wáyà, ṣùgbọ́n n ò ní gé nǹkan kan, n ò ní lu ihò sí pákó yẹn, rédíò ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀, àwo gbọ́dọ̀ máa yí. Mo ti rí àwọn tó ń tú gbogbo inú ẹ̀ dànù tí wọ́n á wá ki bọ́ọ̀dù pélébé kan bọ̀ ọ́, pákó nìkan ló máa ń ṣẹ́kù, inú mi kì í dùn tí mo bá rí i. Àńpílífáyà àtijọ́ yẹn pẹ̀lú sípíkà ńlá tó wà nínú pákó tó fẹ̀ ni gbogbo adùn ẹ̀, bààsì tó ń ti inú ẹ̀ jáde, sípíkà kékeré oní-Bluetooth tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba ò lè gbé irú ẹ̀ láéláé.

Kí n tó fi iná sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn nu eruku ara ẹ̀ kẹ́ ẹ sì ti wáyà ẹ̀ bọ iná. Ẹ tú ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ní trànsífọ́mà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi wáyà wé tó ń ya iná ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára inú rédíò. Àwọn rédíò àtijọ́ kan wà tí kò ní, iná ògiri tààrà ló ń wọ irin tí wọ́n to gbogbo ẹ̀ lé lórí, tí èèyàn bá so nǹkan mọ́ irú ìyẹn láti ìta, iná lè gbé e, ó sì lè pa á. Tèmi ní trànsífọ́mà tó wúwo dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń yan fólítì tún wà lẹ́yìn ẹ̀, 110, 127, 220, 240, orí 220 ni wọ́n fi í sí látọjọ́ yìí, mo yí i sí 240 torí àwa tá a ń gbé Àkúrẹ́ mọ bí iná ṣe máa ń ga lóru.

Lẹ́yìn náà mo wá gílóòbù àtijọ́ oní 60 wáàtì, èyí tó máa ń gbóná yẹn, kì í ṣe ti òde òní, mo so ó sáàárín wáyà iná, tó fi jẹ́ pé iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú gílóòbù kó tó dé ọ̀dọ̀ rédíò. Tí nǹkan kan bá ti kan ara wọn nínú ẹ̀, gílóòbù náà á tàn yòò, kò sì ní sí ohun tó máa jó. Tèmi tàn fìrí, ó wá rẹlẹ̀, ara mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn kan ń dún ùùùùù nínú sípíkà, mo yí fólúùmù wálẹ̀ pátápátá ó ṣì ń dún, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé káàpásítọ̀ ńlá tó ń sẹ́ iná ti gbẹ. Mo pààrọ̀ ẹ̀ sí 2200 máíkírò-fárádì oní 35 fólítì, ùùùùù yẹn sì lọ. (Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi rẹ́sísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń dí iná lọ́wọ́) fa iná tó kù nínú ẹ̀ tán o, torí ó máa ń pa iná mọ́ra lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa súwìtì.)

Ọ̀nà tí ohùn máa gbà wọlé

Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Bọ́tìnì kan wà níwájú ẹ̀ tí wọ́n kọ TB sí, ìtumọ̀ ẹ̀ ni Tonband, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sínú téèpù, sọ́kẹ́ẹ̀tì róbótó oníhò márùn-ún sì wà lẹ́yìn tó ń bá bọ́tìnì yẹn ṣiṣẹ́. DIN ni wọ́n ń pè é, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe òṣùwọ̀n ní Jámánì ni. Ìyẹn ni pé àwọn tó ṣe rédíò yìí ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ohùn tó ń ti ìta bọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá ibi tó máa gé. Ohun tó máa ń da èèyàn láàmú ni pé nọ́ḿbà àwọn ihò náà ò tò tẹ̀léra. Tẹ́ ẹ bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, 1, 4, 2, 5, 3 ni. Àárín gbùngbùn, ìyẹn 2, ni nẹ́gátíìfù. 1 àti 4 ni ohùn rédíò ń gbà jáde lọ sínú téèpù, 3 àti 5 ni ohùn téèpù ń gbà wọlé, 3 fún òsì, 5 fún ọ̀tún. Torí náà orí 3 àti 5 ni mo so Bluetooth mọ́. Ohùn tó ń jáde látinú bọ́ọ̀dù Bluetooth le díẹ̀ ju ohun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ń retí lọ, ó ń fọ́ tí mo bá gbé fóònù sókè, mo wá fi rẹ́sísítọ̀ 10k (ìyẹn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá óòmù) sójú ọ̀nà, mo fi 10k mìíràn sáàárín ohùn àti nẹ́gátíìfù, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ti ìkejì, ohùn wá di ìdajì, ó sì mọ́ kedere.

Iná fún bọ́ọ̀dù Bluetooth

Fólítì 5 ni bọ́ọ̀dù kékeré yẹn ń jẹ, 24 ni mítà mi sì kà nínú àńpílífáyà. Àwọn kan á ní kí n lo 7805, ẹ̀yà kékeré kan tó ń sọ fólítì di 5, ó máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo 19 tó ṣẹ́kù ló máa sọ di ooru nínú pákó, n ò fẹ́ ìyẹn rárá. LM2596 ni mo lò, òun náà ń dín fólítì kù àmọ́ kì í sọ gbogbo ìyókù di ooru, kò gbóná.

Ariwo tuntun wá dé! Wíììì tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó tún máa ń yí ohùn padà nígbà tí fóònù bá ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Mo ro ó títí, mo yọ wáyà kọ̀ọ̀kan wò. Ohun tó fà á ni pé nẹ́gátíìfù iná àti nẹ́gátíìfù ohùn pàdé nínú bọ́ọ̀dù Bluetooth, wọ́n tún pàdé nínú àńpílífáyà, ó wá di òrùka, iná tí bọ́ọ̀dù ń jẹ ń gba ojú ọ̀nà ohùn padà, àńpílífáyà sì ń sọ ọ́ di ariwo. Káàpásítọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi sí i kàn dín in kù ni. Ohun tó parí ẹ̀ ni nǹkan dúdú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní B0505S, fólítì 5 wọlé, fólítì 5 jáde, ṣùgbọ́n wáyà ìwọlé àti wáyà ìjáde ò kan ara wọn, trànsífọ́mà bíńtín tó wà nínú ẹ̀ ló ń gbé iná kọjá. Bí mo ṣe sọ́dà ẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́kẹ́ pa. Ẹni tó bá ń fi Bluetooth sínú ẹ̀rọ àtijọ́ tí iná méjèèjì ti orísun kan wá, ẹ ra èyí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó máa gba yín lọ́wọ́ wàhálà.

Bó ṣe wà lónìí

Ara pákó ẹ̀yìn ni mo lẹ bọ́ọ̀dù náà mọ́, jìnnà sí trànsífọ́mà, torí irin máa ń dí Bluetooth lọ́nà, pákó ò fi bẹ́ẹ̀ dí i. Mo jókòó sí ìta níbi ọgbà, orin ò já. Rédíò náà ń ṣiṣẹ́: ojú FM ẹ̀ parí sí 104, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Jámánì láyé ìgbà yẹn, torí náà Adaba 88.9 wọlé, Positive 102.5 náà wọlé, ilé iṣẹ́ tó bá wà lókè 104 ló jẹ́ pé fóònù la máa fi gbọ́ ọ, inú sípíkà kan náà ló sì máa gbà jáde.

Mo pe ẹ̀gbọ́n màmá mi, mo tẹ hàíláìfù àtijọ́ kan fún wọn látorí fóònù mi. Wọ́n ní, “Ṣé àwo ṣì ń yí níbẹ̀ ṣá? O ò yọ ọ́ dànù?” Mo ní rárá o, Bàbá, ó wà níbẹ̀, ó ń yí. Wọ́n ní kí n máa gbé e bọ̀ nígbà ọdún.

Ohun tó kù ni abẹ́rẹ́ àwo, èyí tó wà níbẹ̀ ti jẹ. Ẹni tó bá ní rédíò oní-sípíkà kan ṣoṣo tó fẹ́ ṣe irú èyí, ẹ má so òsì àti ọ̀tún Bluetooth pọ̀ tààrà o, wọ́n á máa bá ara wọn jà. Ẹ fi rẹ́sísítọ̀ 1k sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá so orí méjèèjì pọ̀.