Béárì Tó Ń Pẹja Lódò Thames

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́.

Òjò tí ò jẹ́ ká gbádùn òde náà ò dá mi dúró, torí mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi pé a máa lọ sí Tower of London, odi àtijọ́ tí àwọn ọba England ti ń sin ẹranko nígbà kan, ọmọdé kì í sì í gbàgbé ìlérí. Adé ọba ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn tò láti wò. Ìdí béárì funfun kan tí wọ́n fi wáyà hun ni tiwa dúró sí.

"Mọ́mì, kí ló máa ń jẹ?"

Ìbéèrè yẹn bá mi délé. Béárì gidi tí wọ́n fi ère yẹn rántí, ọba Norway ló fi ta Henry Kẹta, ọba England, lọ́rẹ. Ní 1252, Henry pàṣẹ pé kí àwọn ṣẹ́rífù, ìyẹn àwọn aláṣẹ ìlú London, máa san pẹ́nì 4 lójúmọ́ fún béárì àti olùtọ́jú ẹ̀. Ọba gbàlejò, ará ìlú ń sanwó oúnjẹ! Ó tún ní kí wọ́n wá ìdínu àti ẹ̀wọ̀n irin fún un, pẹ̀lú okùn gígùn tó yi dáadáa, kó lè máa wọ odò Thames lọ pẹja.

Mo ń ro ó bí mo ṣe ń rẹ́ ilá: ọkùnrin kan létí odò, okùn lọ́wọ́, ẹran tó tóbi jù ú lọ ń rì, ó ń yọ nínú omi. Nínú àwọn méjèèjì, ta gan-an ni wọ́n so? Síbẹ̀, ti béárì yẹn ló sàn díẹ̀ lójú mi. Ó kúkú ń rí omi tútù.

Erin tó ti Faransé wá ní 1255 ò rí tiẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àjànàkú tó kọjá "mo rí nǹkan fìrí," ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, tó fẹ̀ ní 20, ni wọ́n há a mọ́. Ní 1257, ó kú. Erin mìíràn tí ọba Spéènì fi ránṣẹ́ sí Ọba James Kìíní ní 1623, gálọ́ọ̀nù wáìnì kan ni wọ́n ní kí wọ́n máa fún un lójúmọ́, láti September títí di April.

Wáìnì yìí ló rán mi létí ọ̀bọ tí aládùúgbò wa kan so mọ́ ìdí máńgòrò n'Íbàdàn. Tó bá dìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń mutí níbẹ̀ á da bíà sínú agolo mílíìkì fún un. Á fọwọ́ méjèèjì gbé e bí arúgbó tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, á mu ún tán, á wá máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, témi náà. Okùn ti jẹ ìbàdí ẹ̀ débi pé irun ò hù níbẹ̀ mọ́.

Mi ò sọ ti àwọn kìnnìún tó wà ní Tower nígbà kan fọ́mọ mi. Láyé kan, ẹni tí ò bá lówó ìwọlé lè mú ajá tàbí ológbò wá kí wọ́n fi bọ́ wọn. Ológbò tiẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀.

Kó tó sùn, ó pè mí padà. Ó ní tí wọ́n bá dí béárì lẹ́nu, báwo ló ṣe máa gbé ẹja?

Mo ní kó lọ fọ eyín.